Ọ̀bọ tí ikán jẹ ní Òrò

Ikán ń jẹ igi, ta ni kò mọ̀? Ohun tí mi ò mọ̀ títí di oṣù Kejì ọdún yìí ni pé ikán a máa ṣa oúnjẹ. Á jẹ ikùn, á fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Á jẹ ojú, á fi agbárí sílẹ̀ bí ẹni tó yó.

Ilé ẹbí wa ní Òrò la lọ tún ṣe. Yàrá Dádì Denmark ti ń jò láti òjò èṣí, àwọn ọmọ wọn wá fi owó ránṣẹ́ pé kí a kó ẹrù ibẹ̀ jáde kí káfíńtà lè gorí àjà. Káfíńtà tí wọ́n ní kí a pè ni bàbá mi. Bàbá ti pé ọdún 76, wọn ò sì tíì gbà fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ti fẹ̀yìn tì. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, èmi àti wọn wọ mọ́tò ní Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, oòrùn ò tíì mú tí a fi dé Òrò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Dádì Denmark. Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n o. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ibi iṣẹ́ wọn rán wọn lọ kọ́ nípa wàrà àti bọ́tà ní Denmark. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lò níbẹ̀, àmọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í fi "ní Denmark" bẹ̀rẹ̀. Iná lọ, "ní Denmark..." Ọbẹ̀ pẹ́ lórí iná, "ní Denmark..." Àwa ọmọdé a máa sín wọn jẹ lẹ́yìn, a ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bíi tiwọn.

Mo kó àpótí ìwé, mo kó rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo kó kóòtù òtútù kan tó wúwo bí àpò gààrí, tí mi ò mọ ibi tí èèyàn fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ní Òrò. Nígbà tí mo dé ìdí ṣẹ́ẹ̀fù ara ògiri ni mo rí ọ̀bọ náà.

Kò sí ọmọ tó dàgbà nínú ilé yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀bọ onígi ni, kò tó rúlà ọmọ iléèwé ní gíga. Apá rẹ̀ gùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ìkọ́, ibi tó bá wù ọ́ lo lè fi í kọ́ sí, yóò rọ̀ síbẹ̀. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ojú rẹ̀, ikùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní tiwọn mọ́lẹ̀ bí inú búrẹ́dì. Ọwọ́ kan ló fi rọ̀ mọ́ etí ṣẹ́ẹ̀fù, bó ṣe máa ń rọ̀ láti kékeré mi. Ṣùgbọ́n ilà ìyẹ̀pẹ̀ kan ti gun ògiri láti ìsàlẹ̀ wá, ó gba abẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù, ó wọ inú ọwọ́ ọ̀bọ náà lọ.

Mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ojú wó. Ó kàn dà sílẹ̀ ni, wàràwàrà, bí iyanrìn. Ikùn rẹ̀ ti di pépà lásán, ìyẹ̀pẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọwọ́ kan ti lọ, ẹsẹ̀ kan ti lọ. Orí, ẹ̀yìn, apá, itan, gbogbo ibi tó pupa, kò sí èyí tí eyín ikán kàn. Mo gbé e dání bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹ̀wù tí olówó rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lọ.

Bí ó ṣe dé Òrò gan-an, ìtàn nìyẹn. Ìlọrin ni Dádì Denmark ń gbé nígbà tí wọ́n dé láti òkè òkun. Ìbejì ni àkọ́bí wọn, ọ̀bọ yìí ni wọ́n sì rà bọ̀ fún wọn. Nígbà tí ìyá àgbà wa rí i, inú wọn dùn kọjá ààlà. Wọ́n ní ọmọ àwọn gbọ́n, ó dé ìlú òyìnbó, ó rántí ra edun bọ̀ fún ará Ìṣokùn. Wọ́n gbé ọ̀bọ sórí itan, wọ́n ń ki ìbejì lé e lórí, ẹdúnjobí, ọmọ edun tí ń ṣeré orí igi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n se ẹ̀wà. Dádì Denmark ṣàlàyé títí pé ẹni tó ṣe ọ̀bọ náà kò fi ti ìbejì ṣe. Ta ló dá wọn lóhùn?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn ni bàbá ìyàwó wọn, tí wọ́n jẹ́ Alfa ní Pàkátà. Wọ́n wá kí àwọn ọmọ, àsìkò ìrun tó, wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹní, ni wọ́n bá gbójú sókè tí wọ́n rí ọ̀bọ tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn lára ògiri. Wọ́n ní màlékà kì í wọ ilé tí ère bá wà. Dádì ní ère kọ́, nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Bàbá Alfa ní, "Ṣé ọmọdé wá ni ìwọ tí o gbé e kọ́ ara ògiri?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní èsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀bọ wọ mọ́tò lọ sí Òrò, kò sì padà mọ́.

Mo yí i padà. Ẹsẹ̀ òsì ni ikán kò tíì jẹ tán, abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo sì ti rí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ igi: KAY BOJ, àti lábẹ́ rẹ̀, DENM. Ìyókù ti bá ikán lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ ìwọ̀nba tó kù sínú fóònù. Ọ̀bọ wa jáde. Kì í ṣe ẹyọ kan o, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀bọ wa, lórí ṣẹ́ẹ̀fù olówó, lábẹ́ gíláàsì, lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà àtijọ́, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín kan náà.

Kay Bojesen ni orúkọ ọkùnrin náà. Copenhagen ni wọ́n bí i sí ní 1886. Bàbá rẹ̀, Ernst Bojesen, ń tẹ ìwé jáde, ìwé apanilẹ́rìn-ín sì wà lára ohun tó ń tẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀rín yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọjà títà ni wọ́n kọ́kọ́ fi Kay kọ́. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi lọ sọ́dọ̀ Georg Jensen láti kọ́ iṣẹ́ fàdákà, láti 1907 di 1910. Ẹni tó bá mọ fàdákà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló lọ. Ní 1913 ó dá dúró.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni, ẹ gbọ́ o. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì niṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ṣíbí kan tó yà ní 1938 ló gba ẹ̀bùn Grand Prix níbi ìpàtẹ Triennale ní Milan ní 1951, orúkọ ẹ̀bùn náà ni wọ́n sì ń pè wọ́n títí dòní. Ọmọ ló gbé e dé ìdí igi. Ó bí ọmọkùnrin kan, Otto, ní 1919, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe nǹkan ìṣeré. Nígbà tó di 1922, ó borí nínú ìdíje nǹkan ìṣeré tí ẹgbẹ́ Dansk Arbejde gbé kalẹ̀. Ó bá wọn dá Den Permanente sílẹ̀ ní 1931, ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Denmark ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn fún àwọn oníbàárà. Ọdún kejì rẹ̀ ló ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òpópónà Bredgade. Láti ibẹ̀ lọ ni àwọn ẹranko ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ẹṣin tí ọmọdé ń gùn tó ń mì síwá sẹ́yìn. Ọ̀bọ dé ní 1951. Béárì tẹ̀ lé e ní 1952, erin ní 1953, erinmi ní 1955, ehoro ní 1957. Ọdún 1958 ni òun fúnra rẹ̀ kú.

Ẹ ṣírò rẹ̀: ọkùnrin náà ti ń sún mọ́ ọdún 65 nígbà tó ṣe ọ̀bọ. Ìgbà tí ẹlòmíràn ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn lé.

Ohun tó jẹ́ kí n pariwo lórí bẹ́ǹṣì, tí àwọn ọmọ àdúgbò fi yíjú wò mí, ni ìdí tó fi ṣe é. Ìkọ́ aṣọ ni wọ́n ní kó ṣe. Ìkọ́ ara ògiri tí ọmọdé á máa fi kóòtù rẹ̀ kọ́! Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rí kọdọrọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Dádì Denmark jàre lórí pé kì í ṣe ère, wọ́n sì jàre lórí ara ògiri pẹ̀lú. Bàbá Alfa ti lọ, Dádì náà ti lọ, kò sẹ́ni tí mo lè sáré lọ sọ ọ́ fún.

Bojesen a máa sọ pé ìlà ara nǹkan gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sì gbà pé ó yẹ kí ẹranko onígi jọ ẹranko inú igbó délẹ̀délẹ̀. Ọmọdé ni kó fi ọkàn tirẹ̀ parí rẹ̀. Tí ẹ bá wo ọ̀bọ náà dáadáa, kò nírun, kò nírù, imú rẹ̀ kò sí. Síbẹ̀ kò sí ọmọ tí wọ́n ní láti sọ fún pé ọ̀bọ ni.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí Bàbá fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, eruku funfun lórí wọn bí ẹni tó ru ìyẹ̀fun. Wọ́n gba ọ̀bọ lọ́wọ́ mi. Wọn ò wo ojú rẹ̀ tí kò sí. Ikùn rẹ̀ tó fọ́ ni wọ́n wò. Wọ́n já ègé kan níbẹ̀, wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Afara ni."

Mo ní, "Bàbá, Denmark ni wọ́n ti ṣe é o."

"Mo gbọ́. Afara ni."

Mo padà sínú fóònù. Igi méjì ni wọ́n kọ pé ó wà lára ọ̀bọ náà: tíìkì ni ibi tó pupa, limba ni ibi tó mọ́lẹ̀. Inú mi dùn díẹ̀ pé mo ti rí Bàbá mú lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Mo wá wá ìtumọ̀ limba. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Terminalia superba. Ní Côte d'Ivoire, fraké. Ní Gánà, ofram. Ní Congo, limba. Ní Nàìjíríà, afara.

Mo pa fóònù dé. Bàbá ò tilẹ̀ bèèrè ohun tí fóònù sọ.

Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ igi, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣa èérún ayùn nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Afara kì í hù ní àgbègbè tiwa níbí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Igbó kìjikìji ọ̀nà Oǹdó àti Ẹdó ló ti ń wá. Igi gíga gbọọrọ ni, ó lè ga tó mítà 45, ìdí rẹ̀ a sì máa ya bí ìyẹ́ tó fi ń ti ara rẹ̀ ró. Pákó rẹ̀ fúyẹ́, ó gbọ́ràn sí ayùn lẹ́nu, gọ́ọ̀mù ń mú un, ó ń dán. Àmọ́ tí wọ́n bá là á tán tí wọn ò tètè sá a gbẹ, yóò bu àwọ̀ aró káàkiri. Ikán ńkọ́? Ikán fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà. Bàbá ò fi afara ṣe ilẹ̀kùn ìta fún ẹnikẹ́ni rí. Inú ilé ni wọ́n ń lò ó sí: dúrọ́ọ̀, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tí ilẹ̀ àti òjò ò ní bá a wí.

"Èyí tó ṣẹ́kù yìí ńkọ́?" Wọ́n fi ìka gbá ẹ̀yìn ọ̀bọ, ó dún kó. "Tíìkì. Òpó NEPA nìyí. Ọdún mélòó ni òpó NEPA ń dúró nínú ilẹ̀? Òróró wà lára rẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ ikán."

Mo wo ẹ̀yìnkùlé. Oko tíìkì ẹnìkan wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ tó gbòòrò bí àwo ti gbẹ dànù nítorí ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ Éṣíà ni tíìkì ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti gé e ká, wọ́n ti kó o sínú kọ̀ǹténà lọ sí Íńdíà. Ní ti Bojesen, tíìkì lòde ń gbé gẹ̀gẹ̀ ní Denmark lásìkò yẹn, òun ni wọ́n fi ń ṣe àga àti tábìlì. Ó mú igi tí ikán kì í jẹ, ó fi ṣe awọ ọ̀bọ. Ó mú igi tí ikán fẹ́ràn jù, ó fi ṣe ojú rẹ̀. Níbi tí òtútù ti ń pa ikán, kí ló kàn án?

Bàbá ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibòmíràn. Wọ́n ní, "Igi wa ni wọ́n kó lọ, wọ́n fi ṣe ọ̀bọ, ẹ̀gbọ́n mi tún fi owó ara wọn rà á bọ̀ wálé." Mo ní ó lè jẹ́ Congo ni igi náà ti lọ, ṣebí orúkọ Congo ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Wọ́n wò mí. "Afara Congo, afara Oǹdó. Ikán tó jẹ ẹ́, ṣé ó bèèrè ibi tó ti wá?"

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn gìtá: àwọn gìtá Gibson ti 1958 tí wọ́n ń pè ní Flying V àti Explorer, tí owó wọn ti kọjá ohun tí a lè máa fẹnu lásán sọ, afara yìí náà ni. Korina ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ fún ọjà.)

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ya fọ́tò ọ̀bọ ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì, tí wọ́n ti ń lọ sí ọmọ àádọ́ta ọdún báyìí. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Bọ̀dá Táíwò wà ní Kánádà, wọ́n sì ti mọ̀ nípa ọ̀bọ náà ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀, pé abẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, bóyá orúkọ wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Rosendahl ló ń ṣe tuntun rẹ̀ lóde òní; ayédèrú náà ò lóǹkà. Ti ìgbà Dádì, tó ti dàgbà, tí àwọ̀ rẹ̀ ti jinlẹ̀, ló ń pawó. Wọ́n fi fídíò kan ránṣẹ́ níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi gíláàsì wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀bọ bí dókítà tó ń wo ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ.

Àǹtí Kẹ́hìndé dáhùn láti Ìlọrin pẹ̀lú ohùn, wọn kì í tẹ ọ̀rọ̀: "Táíwò, ta ni yóò ra ọ̀bọ tí kò lójú lọ́wọ́ rẹ? Dádì rà á fún wa kí a máa fi ṣeré. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Kẹ́hìndé ló rán Táíwò wáyé. Àgbà ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Bàbá lọ sí Sọ́míìlì ní Ìlọrin. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ ariwo rẹ̀: ẹ̀rọ ń ké, ọmọ ẹ̀yìn mọ́tò ń pe Ìbàdàn, eruku igi ń wọ èèyàn létí. A ò nílò pákó odindi, àjákù tó gùn tó apá ló tó wa. Ọmọkùnrin kan gbé igi funfun kan wá, ó ní afara gidi ni. Bàbá gbé e, wọ́n dá a padà fún un. "Arère lèyí. Ṣé ìwọ náà ń kọ́ṣẹ́ ni àbí o ń tà á?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó mú afara jáde. Ó gbà wá ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó sì ní kí Bàbá gbàdúrà fún òun.

Ọ̀nà ilé ni Bàbá ti sọ pé àwọn ò lè pe òyìnbó yẹn ní agbẹ́gilére. Wọ́n ní káfíńtà ni. Ó fi ẹ̀rọ yí igi, ó gé e wẹ́wẹ́, ó tò ó pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn náà ṣe ń to àga. Agbẹ́gilére ńkọ́? Inú odindi ìtì igi kan ló ti ń yọ ẹṣin, ẹni tó gun ẹṣin, àti àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹlẹ́ṣin, láìfi gọ́ọ̀mù kan nǹkan kan. Wọ́n ní kí n lọ bèèrè Bámigbóyè.

N kò nílò láti bèèrè. Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè ni, agbẹ́gilére Kájọlà ní Òdò-Ọwà, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ère agbórí tí wọ́n ń pè ní Ẹpa tó gbẹ́, ẹni tó bá máa gbé e sórí ní láti jẹ́ alágbára, nítorí wọ́n wúwo, ijó sì ni wọ́n ń fi í jó. Ní 2022 ni Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ fún òun nìkan. Ohun tí mi ò fiyè sí tẹ́lẹ̀ ni ọdún rẹ̀: nǹkan bí 1885 ni wọ́n bí i, 1975 ló kú. Bojesen, 1886. Ẹgbẹ́ ni wọ́n! Bí wọ́n bá bí wọn sí ìlú kan náà, wọn ì bá jọ lọ odò. Lọ́dún tí ọ̀kan jókòó sí Copenhagen tó ń ro bí ọ̀bọ yóò ṣe gbé kóòtù ọmọdé kọ́, èkejì ṣì wà láyé ní Òdò-Ọwà, ó ti di àgbà ọ̀jẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá pé iṣẹ́ Bámigbóyè le ju ti òyìnbó lọ, kò ṣeé fi wéra. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò gbà: pé ti òyìnbó rọrùn. Mo mọ̀ nítorí pé èmi ni mo gbẹ́ ojú.

Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n díẹ̀. Ikùn àti ọwọ́ ni wọ́n ṣe. Ikùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ihò rẹ̀ mọ́, wọ́n wọn ọ́n, wọ́n gé afara tó wọlé síbẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́ bí ìdérí ìkòkò. Ọjọ́ kan ni ọwọ́ gbà wọ́n, nítorí bó ṣe tẹ̀. Tí igi bá gba apá òdì, ṣe ló ń ṣẹ́. Nígbà tó kan ojú, wọ́n na ṣísẹ́lì kékeré sí mi. "Ojú rẹ dá ju tèmi lọ."

Ojú ọ̀bọ yìí kéré ju ìdérí ìgò lọ. Ojú méjì tó rí tíntín, ẹnu tó jẹ́ ìlà kan. Kò sí nǹkan míì. Mo ro pé wákàtí kan ni. Àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́, ìlà ẹnu rẹ̀ gùn jù, ọ̀bọ wá dà bí ẹni tó ń fini ṣe ẹlẹ́yà. Ìkejì, ó tọ́ jù, ó dà bí ọ̀gá iléèwé. Mo lọ wá fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àbúrò àwọn ìbejì, níbi tí ọ̀bọ ti yọjú díẹ̀ lẹ́yìn gèlè ẹnìkan, mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí ó fi di kúlẹ̀kúlẹ̀. Ìlà náà kò fẹ́ẹ̀ tẹ̀ rárá. Igun ẹnu rẹ̀ méjèèjì nìkan ló gbéra sókè, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti òkèèrè. Ìkẹta ló bọ́ sí i. Bàbá wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i.

Àwọ̀ wọn kò bára mu. Afara tuntun funfun gbòò, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba àtijọ́ tó kù lẹ́sẹ̀ ti pọ́n bí oyin. Mo ní kí a fi tíì tó le pa á láró, tàbí kí a ra fáníìṣì. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní yóò pọ́n fúnra rẹ̀ tó bá yá, kí ni à ń sá fún?

Ẹsẹ̀ òsì ló kù, èyí tí lẹ́tà wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ti gé afara tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe torí owó Bọ̀dá Táíwò. Tí a bá yọ ọ́, tí ẹlòmíràn bá yí ọ̀bọ padà lẹ́yìn ọdún 50, kò ní rí nǹkan kan kà. Wọ́n gbé e wò pẹ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tí ikán ti jẹ dé ìdajì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú abẹ́rẹ́ ìgúnni tí wọ́n fi ń fa gọ́ọ̀mù, wọ́n ń fún gọ́ọ̀mù olómi sínú ihò ikán lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń nu èyí tó bá yọ, títí ẹsẹ̀ náà fi le. Wọ́n fi odindi ìrọ̀lẹ́ ṣe é. Ègé afara tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi tún ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe.

Mo gbé ọ̀bọ lọ fún Àǹtí Kẹ́hìndé ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ wọn obìnrin tó kéré jù, tó wà ní Prámárì 3, gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó. Mo ṣàlàyé fún un pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀, pé kó rọra. Ó bèèrè ohun tó jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní ikán. Ó bèèrè ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi tẹ̀, mo sọ fún un.

Nígbà tí mo ń lọ, mo yẹjú wo yàrá rẹ̀. Ó ti kan ìṣó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀bọ rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́ tuntun, ẹsẹ̀ méjèèjì nà síwájú, híjáàbù iléèwé sì wà lórí ẹsẹ̀ tí ikán jẹ.